Ìyá ọkọ mi fẹ́ kí a ṣe ìsàmì fún ọmọ, bàbá mi ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀: kí ni ẹ̀yin ṣe?

Ìyá_Ìfẹ́olúwa (Iléṣà)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń sọ níbí, n kì í sábà dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ di ìjà nínú ilé wa.

Inú ìjọ Àpọ́sítélì (CAC) ni wọ́n bí mi sí. Alàgbà ni bàbá mi, ìsọjí Òkè Ọ̀ọ̀yè ní Iléṣà níbí ni bàbá bàbá mi sì ti gba Jésù. Èmi náà ṣe ìrìbọmi nígbà tí mo wà ní girama, mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ọmọ Áńgílíkà ni ọkọ mi, ìran wọn kò mọ ibòmíràn. Kí a tó ṣe ìgbéyàwó, a fẹnu kò pé ìjọ tiwọn ni a ó jọ máa lọ, mo sì ń lọ. N kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú wọn.

Ọmọ wa obìnrin ti pé oṣù mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi ti lọ bá fíkà sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn Àjíǹde ni wọn yóò ṣe ìsàmì àwọn ọmọ ọwọ́. Aṣọ funfun ti wà nílé. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n ní ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ìwẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wẹ̀ fún un, àwọn kò ní bá wa débẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ṣé kí ọmọ òun máa wà bíi kèfèrí ni, bí nǹkan bá lọ ṣe é ńkọ́?

Ọkọ mi ní ohunkóhun tí mo bá fẹ́ náà ni òun fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nílé ọkọ, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

Ẹ̀yin tí tọkọtaya ti wá láti ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, báwo ni ẹ ṣe ṣe é? Bí a bá sì ṣe é nísinsìnyí, tí ọmọ wá ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi nígbà tó bá dàgbà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ má bá mi jà.

Ọmọ_Ìlórò

Ẹ ṣe é, ó parí. Wọ́n ṣe é fún bàbá mi, wọ́n ṣe é fún èmi, kò sí ohun tó ṣe wá. Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 16: onítúbú ìlú Fílípì àti gbogbo ará ilé rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún lóru ọjọ́ kan náà. Lìdíà náà, tòun ti ilé rẹ̀. Ṣé nínú gbogbo ilé wọ̀nyẹn, kò sí ìkókó kan ṣoṣo ni?

Tíṣà_Ìsọkùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọmọ_Ìlórò, ṣùgbọ́n ẹ kò ka orí náà tán. Kí wọ́n tó kan omi rárá, ẹsẹ 32 ní wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Olúwa fún gbogbo àwọn tó wà nínú ilé onítúbú náà. Ẹsẹ 34 sì ní tilé-tilé ni wọ́n fi yọ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rin wo ló ń gbọ́ ìwàásù?

Ẹ wo ìwẹ̀fà ará Etiópíà ní orí 8. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè ohun tó dí òun lọ́wọ́ láti ṣe é. Ẹni tó lè béèrè ni à ń tẹ̀ bọmi. Olúwa wa fúnra rẹ̀, nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, tẹ́ńpìlì ni wọ́n gbé e lọ láti fi í fún Ọlọ́run. Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kó tó wọ Jọ́dánì. Ohun tí àwa Onítẹ̀bọmi ń ṣe náà nìyẹn: a ń fi ọmọ fún Olúwa níwájú ìjọ, a ń gbàdúrà sí i, a ń kìlọ̀ fún òbí, ó tán. Ìsàmì ọmọ ọwọ́ yìí, ìgbà Constantine ọba Róòmù ni wọ́n mú un wọlé.

Àǹtí, ẹ fi ọmọ yín fún Olúwa, kí ẹ fi omi sílẹ̀ fún un títí yóò fi lè béèrè fúnra rẹ̀.

Katikíìsì_Mọ̀rẹ̀ (Ilé-Ifẹ̀)

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ Constantine yẹn ṣe, nítorí ẹnu gbogbo ènìyàn ló wà, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 306 ni Constantine jọba. Ní nǹkan bí ọdún 200, Tertullian, òǹkọ̀wé onígbàgbọ́ kan, ti kọ̀wé ní Carthage, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, tó ń bá àwọn tó ń gbé ọmọ kéékèèké wá síbi ìrìbọmi wí. Ṣé ènìyàn lè máa bínú sí ohun tí kò sí? Ní ọdún 253, ní Carthage kan náà, Cyprian àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lórí ìbéèrè kan: ṣé kí wọ́n dúró di ọjọ́ kẹjọ gẹ́gẹ́ bí ìkọlà àwọn Júù? Wọ́n ní kí wọ́n má dúró rárá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń sọ. Bóyá kí wọ́n ṣe é tàbí kí wọ́n má ṣe é kò sí lórí tábìlì.

Ní ti ẹ̀rù tó ń ba ìyá ọkọ yín, ẹ fi sùúrù bá mama sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn àgbà nìyẹn. Kódà ní Àgùdà tiwa, ọ̀rọ̀ Límbò, ìyẹn ibi tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn ọmọ tí kò ṣe ìrìbọmi ń lọ lẹ́yìn ikú, Ìjọ kò sọ ọ́ di òfin ìgbàgbọ́ rí. Ní 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Róòmù gbé ìwé jáde pé ìdí wà láti ní ìrètí pé Ọlọ́run ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ là. A kò ní kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìyẹn máa fi falẹ̀ o. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀run àpáàdì halẹ̀ mọ́ abiyamọ.

Tíṣà_Ìsọkùn

Mo gba ti Constantine, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ tèmi ni Tertullian yín ń sọ: ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ dàgbà, kí ó mọ Kristi ná. Augustine tí ẹ fẹ́ràn jù ńkọ́? Monica ìyá rẹ̀ kò fi ìgbàgbọ́ ṣeré, síbẹ̀ wọn kò ṣe é fún un ní kékeré. Àjíǹde ọdún 387 ni Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, tó ṣe é fún un níbẹ̀, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó sì di bíṣọ́ọ̀bù.

Katikíìsì_Mọ̀rẹ̀ (Ilé-Ifẹ̀)

Augustine kan náà ló wá di agbẹjọ́rò ìsàmì ọmọ ọwọ́ nígbà tó dàgbà. Ẹ kà á tán, ẹ̀yin náà.

Aláṣẹ_Ojúewé

A ti yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò lókè. Ẹ má pe ìjọ ẹlòmíràn ní ìjọ èṣù níbí. Ẹni tó bá tún ṣe é yóò lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Ìyàwó wa, ẹ kú ọwọ́ lómi. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Tọkọtaya Àgùdà kan bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ìyá wà lórí ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà sí i lára. Ọmọ wà nínú àpótí oníná tí wọ́n ń tọ́jú wọn sí, ó ń mí, ó ń dákẹ́, ó tún ń mí. Aago méjì òru ti kọjá. Bàbá rẹ̀ dì mọ́ ẹsẹ̀ mi pé kí n bá òun pe Fáda. Níbo ni n ó ti rí Fáda? Mo bu omi tí a ti sè tó ti tutù, mo rẹ òwú sínú rẹ̀, mo bi bàbá ní orúkọ ọmọ. Mo fún òwú náà sí iwájú orí ọmọ kí omi lè ṣàn níbẹ̀: ní orúkọ Bàbá, mo fún un, àti ti Ọmọ, mo tún fún un, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Mo fi gọ́ọ̀sì nu ún kí òtútù má baà mú un. Mo kọ ọ́ sínú ìwé wa, mo kọ aago sí i.

Ọmọ náà yè. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Fáda ránṣẹ́ pè mí, ó bi mí bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an àti bóyá omi náà ṣàn. Ó fi òróró kan ọmọ, ó ṣe àwọn nǹkan yòókù, wọn kò tún da omi mọ́. Ó ní èyí tí mo ṣe ti tó.

Onítẹ̀bọmi ni mí o.

Tíṣà_Ìsọkùn

Mama! Ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi lẹ ṣe bẹ́ẹ̀?

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Èmi ni. Ìwọ náà ì bá ṣe é bí o bá rí ojú bàbá ọmọ yẹn.

Katikíìsì_Mọ̀rẹ̀ (Ilé-Ifẹ̀)

Mama ṣe é bó ṣe yẹ. Nígbà tí ikú bá ń wo ọmọ lójú, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é, kódà ẹni tí kò tíì gbàgbọ́, bó bá ti jẹ́ pé omi ló lò, tó pe orúkọ Mẹ́talọ́kan, tó sì ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe. Ẹ sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ yín, Ìyá Ìfẹ́olúwa. Bí ó bá jẹ́ "bí nǹkan bá ṣe é" nìkan ló ń lé wọn léré, wàhálà yẹn ní oògùn.

Bàbá_Ìjámọ̀

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, bí ó bá ṣì í kọ, ẹ bá a wí.

Ìgbà tí wọ́n rì mí bọmi, odò gidi ni, kì í ṣe kòtò onísìmẹ́ńtì tí wọ́n ń kọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lóde òní. Ọyẹ́ ń mú. A tò sí bèbè nínú aṣọ funfun, eyín àwọn mìíràn ń gbọ̀n. Alàgbà kan ti fi ọ̀pá wọn omi náà ṣáájú, ó wá dúró ní apá ìsàlẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ ẹnìkan yóò yọ̀. Pásítọ̀ fi áńkáṣífù bò mí nímú, ó bi mí bóyá mo gba Jésù gbọ́ ní Olúwa àti Olùgbàlà mi. Mo dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì kúrò lẹ́nu mi tán tí mo fi bá ara mi lábẹ́ omi. Mo mu díẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, bí bàbá rẹ bá ń ta kò ó, kì í ṣe agídí lásán. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú àwọn bàbá wa kúrò ní Áńgílíkà. Ẹgbẹ́ àdúrà tí J. B. Ṣàdáre dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, inú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni ó wà. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà fún ìwòsàn, wọn kò lo oògùn, wọn kò sì fara mọ́ ìsàmì ọmọ ọwọ́. Nígbà tó di 1922, ilé kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n jáde. Bàbá wa Babalọlá náà, wòlíì tó ṣíwájú ìsọjí Òkè Ọ̀ọ̀yè, ilé CMS, ìyẹn Áńgílíkà, ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà; bàbá ẹgbẹ́ ni bàbá wọn ní Odò-Ọwá. Síbẹ̀ wọ́n rì bọmi nígbà tí wọ́n dàgbà, kí ìsọjí Òkè Ọ̀ọ̀yè tó bẹ́ ní oṣù keje 1930. Bí alàgbà bá wá jókòó tí wọ́n ń wọ́n omi sí ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí, kí ni yóò sọ fún àwọn tó ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́?

Ní ti ìbéèrè rẹ kejì: lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ náà bá dàgbà tó ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi, a ó ṣe é fún un, a kò sì ka ti àkọ́kọ́ sí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Ilé ọkọ rẹ ni o wà. Bí ẹ bá ti fẹnu kò kí ẹ tó ṣe ìgbéyàwó, n kò lè sọ fún ọ pé kí o wá dà á rú nísinsìnyí. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí o má jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí ọkàn rẹ kò sí nínú rẹ̀. Kí ẹni tó bá gbà á gbọ́ jẹ́ ẹ.

Ọmọ_Ìlórò

Bàbá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ti pé "wọn kò ka ti àkọ́kọ́ sí" yìí wò. Éfésù 4:5, ìrìbọmi kan. Ẹni tó bá tún un ṣe ń sọ pé irọ́ ni ìyá àti bàbá òun pa níwájú pẹpẹ.

Ọmọ_Ọ̀tàpẹtẹ̀

Èmi ni ẹni tó tún un ṣe. Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí, wọ́n sàmì fún mi ní ìkókó. Nígbà tí mo dé yunifásítì ní Ifẹ̀, mo wọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́, wọ́n kọ́ wa, mo sì rì bọmi. N kò kábàámọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo dúró fúnra mi.

Ṣùgbọ́n n kò sọ fún ìyá mi ṣáájú. Fọ́tò ni wọ́n rí. Wọn kò bá mi jà, wọ́n kàn ń bi mí pé, "Ṣé èyí tí mo ṣe fún ọ kò dára ni?" Ó tó ọdún mélòó kan kí ọ̀rọ̀ yẹn tó tán láàárín wa. Ìyá Ìfẹ́olúwa, bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ iwájú, kí ẹ̀yin méjèèjì ti mọ ohun tí ẹ ó sọ ṣáájú ọjọ́ náà. Ìdáhùn tí ẹ ń wá nìyẹn, kì í ṣe ti ẹ̀ṣẹ̀.

Katikíìsì_Mọ̀rẹ̀ (Ilé-Ifẹ̀)

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, arákùnrin, lójú tiwa ìwẹ̀ ni ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn.

Tíṣà_Ìsọkùn

Lójú tiwa, ti àkọ́kọ́ ni ìwẹ̀. Ẹ rí i pé a ti wẹ̀ dáadáa níbí.

Ọlọ́mọge_Brewery

Ṣé òótọ́ ni pé bí ènìyàn bá lọ sí Àgùdà láti ìjọ mìíràn, wọn yóò tún ṣe ìrìbọmi fún un dandan? Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ fẹ́ ọmọ Àgùdà.

Katikíìsì_Mọ̀rẹ̀ (Ilé-Ifẹ̀)

Rárá. Bí ó bá ti ṣe é pẹ̀lú omi ní orúkọ Bàbá, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, yálà wọ́n rì í ni tàbí wọ́n da omi sí i lórí, a kò ní tún un ṣe. Káàdì ìrìbọmi rẹ̀ ni a ó béèrè. Ibi tí kò bá ti sí ẹ̀rí, tí iyèméjì gidi sì wà, Fáda yóò ní "bí o kò bá tíì ṣe ìrìbọmi" kó tó pe orúkọ Mẹ́talọ́kan. Àwọn tí wọ́n rì bọmi ní orúkọ Jésù nìkan ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Kí ọ̀rẹ́ yín wá káàdì rẹ̀.

Lérídà_Òkèṣà

Mo ti ń ka gbogbo yín, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣí Ìwé Àdúrà àwa Áńgílíkà.

Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Áńgílíkà kì í ri ènìyàn bọmi. Ìlànà tó wà nínú Ìwé Àdúrà ti 1662 ní kí àlùfáà ri ọmọ bọmi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àwọn tó gbé e wá bá jẹ́rìí pé ara rẹ̀ lè gbà á. Bí ara rẹ̀ kò bá le, kí ó da omi sí i. Ìwé kan náà ní ìlànà ọ̀tọ̀ fún àgbàlagbà tó lè dáhùn fúnra rẹ̀. Nínú Ẹ̀kọ́ Mọ́kàndínlógójì ti ìjọ wa, ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n sọ pé kí Ìjọ má fi ìsàmì ọmọdé sílẹ̀. Ohun tí a dúró lé nìyẹn, kì í ṣe àṣà ilé bàbá ẹnikẹ́ni.

Ní ti ẹ̀jẹ́ tí Bàbá_Ìjámọ̀ sọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìlànà 1662, àwọn onígbọ̀wọ́ ló ń dáhùn: wọ́n ń kọ èṣù àti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ ọmọ, wọ́n ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, wọ́n ń ṣèlérí pé ọmọ yóò pa òfin Ọlọ́run mọ́. Lẹ́yìn náà, bí ọmọ bá dàgbà, yóò wọ kíláàsì, yóò kọ́ katikísímù, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà kí Bíṣọ́ọ̀bù tó gbé ọwọ́ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọmọ kò sọ nǹkan kan, ọjọ́ yẹn ló ń sọ ọ́. Àwọn fíkà kan máa ń ní kí òbí náà dáhùn lóde òní. Ẹ béèrè lọ́wọ́ tiyín kí ọjọ́ tó pé.

Onígbọ̀wọ́ ọmọbìnrin: ọkùnrin kan, obìnrin méjì. Ti ọmọkùnrin: ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Kí wọ́n jẹ́ ẹni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀wọ́. Mo ti rí onígbọ̀wọ́ tó ń wo ẹnu ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó lè ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́.

Ìyá_Ìfẹ́olúwa (Iléṣà)

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Bàbá_Ìjámọ̀, ẹ pẹ́ fún wa, sà. Ọkọ mi náà ti ń kà á láti ẹ̀yìn mi.

Ẹ̀jẹ́ yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí, n kò kàn mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni. Nígbà tí Lérídà wá sọ ti onígbọ̀wọ́, àyà mi tún já. Ìyá ọkọ mi ti mú wọn. Ọkùnrin tí wọ́n mú jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn kan ní Abuja. Ìsìnkú nìkan ni a ti ń rí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n owó wà lọ́wọ́ wọn.

Mama tún fẹ́ kí a fi Victoria sórí káàdì, pé Ìfẹ́olúwa nìkan kì í ṣe orúkọ ìsàmì. Ṣé dandan ni?

Tíṣà_Ìsọkùn

Kì í ṣe dandan rárá, ẹ má gbà! Ìyẹn wà láyé ìgbà tí wọ́n sọ Àjàyí Crowther di Samuel ní Sàró ní 1825. Ìlú yín yìí náà ni wọ́n ti bí David Brown Vincent ní 1860, ọmọ oníwàásù CMS. Ó di Onítẹ̀bọmi nígbà tó yá, ní 1894 ó kó orúkọ òyìnbó náà dànù, ó di Mojọlá Àgbébí. Ọmọ Iléṣà tiyín ni!

Lérídà_Òkèṣà

Níbí, èmi àti Tíṣà jọ wà ní ìhà kan. Ìfẹ́olúwa ti tó. Àlùfáà yóò ní kí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, orúkọ tí wọ́n bá sì dá ni yóò pè. Victoria ibo?

Ìyá_Ìbejì_Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi tó ti jẹ nínú ọbẹ̀ yìí sọ̀rọ̀. Onítẹ̀bọmi ni mí, Àgùdà ni ọkọ mi. Kí wọ́n tó so wá pọ̀, Fáda ti sọ ọ́ ní gbangba: ọkọ mi ní láti ṣèlérí pé òun yóò sa gbogbo ipá òun kí àwọn ọmọ lè ṣe ìrìbọmi ní Àgùdà. Wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ọ. N kò fọwọ́ sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

A ṣe é fún àkọ́bí wa lóṣù kẹta. Nígbà tí àwọn ìbejì dé, iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ sí òkè ọya, ilé kún fún wàhálà, ọjọ́ ń yí lu ọjọ́, a kò ṣe é. Gbogbo wọn ti ń dàgbà báyìí. Àkọ́bí tí a ṣe é fún ló ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ kí wọ́n tẹ òun bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi, nítorí ó rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú àwọn ìbejì, Táíwò ní kí Fáda ṣe é fún òun ní Àjíǹde tó ń bọ̀. Kẹ́hìndé ní òun kò tíì ṣe tán, kí ẹnikẹ́ni má dà á láàmú. Ẹ bá mi wá ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìyẹn, èmi kò rí i.

Ohun tí mo lè bi yín ni pé, nígbà tí ẹ fẹnu kò sí ìjọ ọkọ yín, ṣé ẹ sọ̀rọ̀ ọmọ? Bí ẹ bá sọ ọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, a jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọkọ yín ṣì ní ìjókòó kan láti jókòó, láìsí ìyá ọkọ, láìsí bàbá. "Ohunkóhun tí o bá fẹ́" yẹn, ẹ dá a padà fún un.

Ọmọ_Ọ̀tàpẹtẹ̀

Ẹ kò ṣe kọ́kọ́ ṣe ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìbímọ, kí wọ́n gbàdúrà sí ọmọ, kí ẹ fi ìsàmì sí ìparí ọdún? Alàgbà lè wá sí ìdúpẹ́, kò sí omi níbẹ̀.

Lérídà_Òkèṣà

Ìdúpẹ́ kì í rọ́pò ìsàmì. Ìwé Àdúrà ní kí wọ́n má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ Ìsinmi kìíní tàbí èkejì lẹ́yìn ìbí, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà.

Ìyá_Ìbejì_Mọdákẹ́kẹ́

Ọmọ ti pé oṣù mẹ́rin, Lérídà. Òfin yẹn ti lọ, ó ti jìnnà, ìyá ọkọ gan-an kò rántí rẹ̀. Oṣù mélòó kan sí i kò ní fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Lérídà_Òkèṣà

Ẹ mú mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún fíkà, kí ó má di pé ọmọ dédé pòórá nínú ìwé.

Ìyá_Ìfẹ́olúwa (Iléṣà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A jókòó, èmi àti ọkọ mi. Ìyá_Ìbejì, a kò sọ̀rọ̀ ọmọ rí kí a tó ṣe ìgbéyàwó. Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ni a rò jù. Mo dá "ohunkóhun" rẹ̀ padà fún un bí ẹ ṣe wí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó wá ní òun fẹ́ kí a ṣe é, nítorí òun gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ló ń kọ́kọ́ mú ènìyàn, kì í ṣe pé ènìyàn ló ń kọ́kọ́ mú Ọlọ́run. N kò gbọ́ kí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

A lọ rí fíkà. Wọ́n ní onígbọ̀wọ́ ni yóò dáhùn, bàbá ọmọ lè bá wọn dáhùn, kí èmi dúró tì wọ́n. A ó ṣe é, kì í ṣe ní Àjíǹde yìí ṣá o. A ti sún un sí ìgbà tí wọ́n bá tún ń ṣe ti àwọn ọmọ mìíràn. A ó lo àkókò yẹn láti fi bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ, yóò sì sọ fún wọn pé bí Ìfẹ́olúwa bá dàgbà tó ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi lọ́dọ̀ wọn, òun kò ní dí i lọ́wọ́. Ọmọ_Ìlórò, ẹ má bínú.

Bàbá mi lè má wá síbẹ̀. N kò ní fi ìyẹn bá wọn jà.

Ọmọ_Ìlórò

Èmi kò bínú. Èmi yóò kàn máa wo iye káàdì tí ọmọ náà yóò ní.

Bàbá_Ìjámọ̀

Kí ọkọ rẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ó lọ ní ìrọ̀lẹ́, kó má jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Kí ó jẹ́ kí bàbá rẹ sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wọn tán kí ó tó dáhùn.

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Ní ti káàdì, ẹ mú ìwé ìbí dání lọ fún akọ̀wé ìjọ, kí ẹ rí i pé bí orúkọ ọmọ ṣe wà níbẹ̀ náà ló wà nínú ìwé ìsàmì. Lẹ́tà kan tó bá yàtọ̀ yóò dà á láàmú nígbà ìgbéyàwó. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà. Bó bá sọnù, ẹ padà sí ìjọ tó ṣe é. Ìwé ńlá wọn ni wọn yóò ti dà á kọ. Ẹ mú aṣọ mìíràn dání fún ọmọ, kí ẹ sì ti fún un lọ́mú kí ẹ tó wọlé.

Ta ni ẹ wá fi ṣe onígbọ̀wọ́?

Ìyá_Ìfẹ́olúwa (Iléṣà)

Àbúrò ọkọ mi obìnrin, àti ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó mọ Bíbélì dáadáa. Bàbá Abuja ṣì wà níbẹ̀, mà. Wọ́n ti rán owó màlúù.